Ìdí Tí Ebi Fi Pa Àlejò Màmá Tokie

Ọkọ̀ ojú irin wọ ibùdókọ̀ Kamenohama, ìlú etíkun kan ní Jàpáànù, ó dúró jẹ́ẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin gíga kan ni, irun rẹ̀ dà bíi koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpò tó gbé sẹ́yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀.

"Òun nìyẹn!" Màmá Tokie na ọrùn. "Wakana, bọ́ síwájú kí o kí i. Ṣebí ìwọ lo gbọ́ èdè wọn."

Wakana, ọmọ-ọmọ Màmá Tokie, bọ́ síwájú. Láti ọdún tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà, òun ló ń gba ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé ni o! Kò sí gbólóhùn tí wọ́n lè lọ́ pọ̀ nínú ìdánwò tí kò ní tú u. Ṣùgbọ́n ká fi ẹnu sọ ọ́, ká fi etí gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìyẹn ò tíì kàn án rí. Síbẹ̀, nígbà tí tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kuroiwa, béèrè ẹni tó lè gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Nọ́wè sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ Wakana ló kọ́kọ́ lọ sókè.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì á lè jọ sọ̀rọ̀?" ni tíṣà béèrè.

"Há, tíṣà! Bí ẹní mumi ni màá máa sọ ọ́."

Tíṣà wá sọ fún gbogbo kíláàsì pé bí ẹni náà bá tọ́jú àlejò dáadáa, orúkọ rẹ̀ lòun máa fi ránṣẹ́ láti lọ sí Nọ́wè nígbà ìsinmi. Láti ọjọ́ náà ni Wakana ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ lórí yìnyín.

Àlejò náà, Marit lorúkọ rẹ̀, tẹrí ba fún wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jù, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ yí wá síwájú, díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì sì ń dà jáde bí àgbàrá. Ohun tó ń sọ ni pé òun sùn lọ nínú ọkọ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ kọjá, òun ò mọ̀, ebi sì ń pa òun kú lọ. Wakana ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, oorun nìkan ló sì gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

"Kí ló wí?" Màmá Tokie béèrè.

Ó yẹ kó ní kí Marit tún un sọ. Àmọ́ ojú Màmá Tokie ń dán, tíṣà Kuroiwa sì máa fẹ́ gbọ́ bó ṣe lọ. "Ó ní oorun ń kun òun, Màmá."

"Háà, ó mà ṣe o. Ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ ká yára délé kó lọ sùn."

Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n tẹ́ ibùsùn fún àlejò. Ọ̀sán gangan! Marit wo tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní, ó wo Màmá Tokie tó ń gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí láti fi ṣàpèjúwe oorun, ó sì dùbúlẹ̀. Ó lajú sílẹ̀ ó ń wo àjà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà Wakana mú un lọ sí ilé ìwẹ̀. Ó yẹ kó ṣàlàyé fún un pé ìta ọpọ́n ńlá yẹn lèèyàn ti ń fọṣẹ, ká tó wọnú omi gbígbóná lọ jókòó, àti pé omi kan náà ni gbogbo ilé máa lò, àlejò ni wọ́n kàn fi síwájú. Ó ronú gbólóhùn náà títí, kò rí ibi tó máa ti mú u. Ó nàka sí omi, ó ní "Ó dáa," lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sá jáde.

Nígbà tó yá, bàbá Wakana so aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó wọlé ìwẹ̀, ó sì pariwo. "Omi dà?" Marit ti fa ohun tí wọ́n fi dí ihò ọpọ́n yọ, ó ti fọ ọpọ́n náà mọ́ tónítóní bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé tiwọn.

"Wakana! Bi í kó sọ ìdí tó fi da omi nù."

Wakana lọ sí yàrá Marit, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì padà. "Ó ní... ó ní bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá ilé lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn. Kí omi tiyín lè jẹ́ ọ̀tun."

Bàbá rẹ̀ dúró níbẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọ̀wọ̀ yìí mà tutù o," ló wí.

Oúnjẹ alẹ́ ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Màmá Tokie kì í ṣe ọ̀bọrọ́ nídìí ìkòkò. Òun ló ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kamenohama kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti di bàbá ọmọ báyìí ṣì máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà láti bá a sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ìgbà náà. Ó gbé ìrẹsì funfun, ẹja yíyan, ọbẹ̀ mísò tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà sè, àti ewébẹ̀ rádíṣì oníyọ̀ síwájú àlejò. Marit palẹ̀ abọ́ rẹ̀ mọ́ wàì. Màmá Tokie gbé ṣíbí ìrẹsì sókè, ó fi bi í bóyá kí òun bù sí i.

Inú Marit dùn. Ó ti ka ìwé èdè Jàpáànù kan nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìwé náà sì sọ pé "daijobu" túmọ̀ sí kò burú. "Daijobu!" ló wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń retí.

Ìwé náà ò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ èèyàn tó dáhùn bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ó ti tó òun, kí wọ́n má ṣèyọnu. Màmá Tokie dé ìkòkò. Marit fi ojú sin ìkòkò náà dé ilé ìdáná.

Bó ṣe rí láàárọ̀ nìyẹn, bó ṣe rí lálẹ́ nìyẹn. "Ṣé kí n bù sí i?" "Daijobu!" Màmá á dé ìkòkò. Ojú Màmá Tokie bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì.

"Wakana, bá mi bi í. Ṣé oúnjẹ mi ò bá a lára mu ni?"

Wakana ṣa ọ̀rọ̀ díẹ̀ jọ, ó béèrè bóyá oúnjẹ dára. Marit gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní oúnjẹ náà dùn dé eegun, díẹ̀ ló ń kan òun, ó ní òun ń dáhùn daijobu, wọ́n sì ń gbé e lọ, ṣé òun ń ṣì í pè ni? Wakana gbọ́ "díẹ̀", ó gbọ́ "daijobu".

"Ó ní oúnjẹ yín dùn gan-an, Màmá. Díẹ̀ ló kàn máa ń jẹ."

"Ẹ̀ẹ́n! Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ látọjọ́ yìí?" Láti ọjọ́ kejì, Màmá Tokie wá abọ́ tó kéré jù lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Tokie lọ ra tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní oríta, ó rí àlejò rẹ̀. Ìrẹsì rógódó tí wọ́n fi ewé òkun wé wà lọ́wọ́ ọ̀tún Marit, òmíràn wà lọ́wọ́ òsì, ó sì ń jẹ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Màmá Tokie yí padà, kò ra tófù mọ́. Nígbà tó délé, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a.

"Ìrẹsì ṣọ́ọ̀bù," ló wí. "Ó kọ tèmi, ó lọ ń jẹ ìrẹsì ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí tíṣà yín bá wá jẹun lọ́la, bó ṣe ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo àlejò, oúnjẹ inú páálí ni kẹ́ ẹ rà fún un. Mi ò dáná mọ́."

Wakana ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn ún wọnú eegun. Ó sáré jáde, ó bá Marit lórí ògiri etíkun, ó jókòó tì í. Ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ohun tó yẹ kó ti sọ ní ibùdókọ̀ ojú irin. "Jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ò yé mi. Kò yé mi látọjọ́ tó o ti dé."

Marit wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfọwọ́ṣàpèjúwe: ebi, ìkòkò, daijobu, ìkòkò lọ. Bí ó ṣe yé Wakana, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ṣàlàyé ohun tí daijobu jẹ́ nídìí oúnjẹ, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀ Nọ́wè àti tíṣà, ẹ̀rín Marit dá.

"Má sọ fún wọn," ni Marit wí. "Màá sọ pé ìwé mi ló ṣì mí lọ́nà. Ìwé ò ní bínú. Wàá wá sílé wa, ìyá mi á sì bù sí i fún ẹ títí wàá fi pariwo."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Wakana gbé e sùn, ó gbé e jí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, tíṣà Kuroiwa dé. Wọ́n to oúnjẹ inú páálí sórí tábìlì, ẹja tútù bíi yìnyín. Tíṣà ń yin Wakana: wọn ò gbọ́ ariwo kankan láti ilé yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. "Lọ́la ni màá fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Màmá, ẹ kú oríire o."

Màmá Tokie fi agbára rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ṣe tiẹ̀. Èmi ni mo dójú tì í. Oúnjẹ mi ni ò ṣeé jẹ mọ́."

Marit tẹ Wakana lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ti la ẹnu kó sọ̀rọ̀ ìwé. Wakana ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni. Ebi ló ń pa á láti ibùdókọ̀, mo ní oorun ni. Mi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ. Èmi ni mo dá a sọ pé díẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tó ń wí pé daijobu, ó rò pé 'ẹ bù ú wá' lòun ń sọ. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo túmọ̀. Bàbá, ti omi ìwẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ wo òkè àjà. "Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn," ló wí.

"O fi ebi pa àlejò mi!" Màmá Tokie pariwo. "Nínú ilé tèmi! Ọmọ yìí, o ò ní fojú mi rí nǹkan!" Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti ń wá épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹ gbé páálí ìrànù yẹn kúrò níwájú mi. Ta ló gbé ìkòkò mi?"

Tíṣà Kuroiwa bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Wakana, mi ò lè fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Ẹni tó bá ń lọ sílùú onílùú gbọ́dọ̀ lè sọ pé kò yé òun. Bí kò bá lè sọ ọ́, yóò sọnù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Inú mi dùn pé o sọ ọ́ lónìí. Tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀."

Omijé bọ́ lójú Wakana, kò sì fi pamọ́. Ó dùn ún gan-an. Ó sì yà á lẹ́nu pé àyà rẹ̀ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òórùn ẹja yíyan gba ilé kan. Màmá Tokie gbé abọ́ tó tóbi jù lọ síwájú Marit, ó ń bù ú, ó ń bù ú, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Marit ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀, ìrẹsì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wí?" Màmá Tokie béèrè.

"Kò yé mi, Màmá. Ẹ jẹ́ kó tún un sọ." Wakana yí sí Marit, Marit tún un sọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó ní òun ò fẹ́ lọ sílé mọ́. Ó ní kẹ́ ẹ gba òun ṣọmọ."

Màmá Tokie wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ bi tíṣà."

Tíṣà Kuroiwa mi orí pé òótọ́ ni. Màmá Tokie yára kọjú sí ìkòkò, ó fi etí épírọ́ọ̀nù nu ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ohun ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé ọ̀rọ̀ ò yé òun. Ìṣẹ́jú kan ni ojú fi máa ń tini. Irọ́ tí Wakana fi bo ìtìjú ìṣẹ́jú kan ló fi ebi pa àlejò, tó da omi ìwẹ̀ bàbá rẹ̀ nù, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ màmá rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló lọ sí Nọ́wè lọ́dún náà. Wakana sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì kọ́ ọ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo kó tó wọkọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́, kò yé mi."