Agbádá Iléyá Lórí Adágún Omi

Ọjọ́ kejì Iléyá ni. Ẹran àgbò ti ń sú àwọn ọmọdé, àwọn àgbà sì ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé aṣọ tuntun lọ.

Ní agboolé wọn nílùú Ọ̀wọ̀, Muslimat kò tilẹ̀ jókòó jẹun. Òun ló rán agbádá tí Tahir, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ̀ lọ sí yídì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fà kiri àyà agbádá náà bí ìtàkùn, gbogbo ẹni tó rí i ló ń béèrè ta ló rán an. Fọ́tò tó dára ni Muslimat ń wá báyìí, kó lè gbé e sórí fóònù fún àwọn oníbàárà.

"Ká lọ sí adágún tó wà lápá Ute," Tahir wí. "Ọkọ̀ mi ti ṣe tán."

Káfíńtà ni Tahir. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ọkọ̀ ojú omi kékeré náà. Ọparun ló fi ṣe òpó rẹ̀. Bánà ìbò àtijọ́ ló fi ṣe ìgbòkun, ìyẹn aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń kó sí tó fi ń gbé ọkọ̀ lọ. Olóṣèlú inú bánà náà ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Zulaihat, ìyàwó Tahir, bá wọn lọ. Àǹtí Zipporah, aládùúgbò wọn tí kì í ṣàìjẹ ẹran Iléyá wọn, náà lọ. Iṣẹ́ ìrìnnà ojú omi ni Àǹtí ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀wù ìléfòó, èyí táwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n gbé dání fún gbogbo wọn.

"Ẹ wọ èyí kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀," Àǹtí wí. "Kí ẹ sì dè é pinpin."

Tahir wo ara rẹ̀. "Àǹtí, mo wá dà bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí kọ́rùn."

"Ìrọ̀rí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn sísàlẹ̀ omi ni."

Wọ́n gbéra. Ọkọ̀ kọ́kọ́ ń yí po lójú kan bí àgbò tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Nígbà tó jàjà lọ, àárín òṣíbàtà ló forí lé, wọ́n ní láti fi àjẹ̀ ti ara wọn jáde. Zulaihat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Káfíńtà mi, ṣé ọkọ̀ lo kàn àbí àga?"

Bó ti sọ ọ́ tán ni afẹ́fẹ́ dé. Bánà wú, okùn ìgbòkun tí Muslimat dì mú fà le lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, omi ń fọ́n sí wọn lójú. Ariwo ayọ̀ ni Muslimat ń pa.

"Ẹ ò rí olóṣèlú yìí," Zulaihat wí. "Omi ló ṣèlérí fún wa, òun náà ló wá ń gbé wa kiri lórí omi."

"Ó kúkú ti mú un ṣẹ nìyẹn," Àǹtí dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n dé àárín adágún, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Muslimat wo oòrùn, ó wo àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ̀wù ìléfòó bò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bọ́ ọ díẹ̀ ká ya fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Muslimat, má dán an wò," Àǹtí wí. "Ẹ jẹ́ ká dé etí omi ná."

"Àǹtí, omi ti dákẹ́."

Tahir ti bọ́ ọ. Ó dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì kí agbádá lè tẹ́. Zulaihat gbé fóònù sókè. Lójijì, afẹ́fẹ́ ya bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun fì, ó gbá Tahir lẹ́yìn, Tahir sì já sómi jàbú.

Agbádá kọ́kọ́ wú lójú omi. Lẹ́yìn náà ló mumi, tó wé mọ́ ọn lápá. Tahir kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ń sáré lọ, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Muslimat sì di okùn mú bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀.

"Tú okùn yẹn sílẹ̀," Àǹtí wí.

"Àǹtí, ọkọ̀ á dojú dé."

"Bí o bá dì í mú ló máa dojú dé. Òun ló ń gbé wa jìnnà sí i. Tú u."

Láti ìgbà tí Muslimat ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti fi kọ́ ọ pé bí ọwọ́ bá tú lára aṣọ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ó dijú, ó tú u. Bánà ń lu ara rẹ̀ pàpàpà, ọkọ̀ nàró, ó sì dúró.

Zulaihat ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti bẹ́ sómi. Àǹtí fà á lẹ́wù.

"Jókòó. Ṣé èèyàn méjì lo fẹ́ ká máa wá?"

Àǹtí so okùn mọ́ ẹ̀wù tí Tahir bọ́, wọ́n sì jù ú. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí Tahir rì sómi. Wọ́n fa ẹ̀wù náà padà, wọ́n tún un jù, ọwọ́ kan sì yọ láti inú omi, ó gbá a mú.

"Gbé e mọ́ àyà," Àǹtí ń wí fún un. "Má jà. A ti mú ọ."

Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti fà á wọlé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo wọn má baà dà sómi. Tahir wúkọ́, ó pọ omi. Ó gbójú sókè wo Zulaihat.

"Ṣé fọ́tò yẹn jáde?"

Zulaihat fi bàtà tútù gbá a léjìká, ó sì bú sẹ́kún.

"Àǹtí, èmi ni mo ní kó bọ́ ẹ̀wù náà," Muslimat wí.

"Mo gbọ́. Bá a dè é padà, kí o wá di okùn rẹ mú. Ìwọ lo máa gbé wa délé."

Muslimat fọwọ́ ara rẹ̀ de ẹ̀wù náà pinpin lé iṣẹ́ ọnà tó fi ọ̀pọ̀ òru ṣe. Afẹ́fẹ́ tún dé. Nígbà tó pọ̀ jù, ó dẹ okùn. Nígbà tó rọ̀, ó fà á. Ọkọ̀ ń fò lórí omi, Tahir tó ń gbọ̀n náà sì ń pariwo pé kó tún sáré sí i.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìgbádùn ni ọkọ̀ ojú omi, a ò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó láti etí omi dé etí omi, kí ẹ sì dè é; ẹ má fi í ṣe tìmùtìmù. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀ kékeré nítorí fọ́tò. Bí ẹnì kan bá já sómi, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e: ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i, ìbáà ṣe kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ara ọkọ̀ náà ni kí ẹ dì mọ́ títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Aṣọ tó bá bómi lọ, a óò rán òmíràn. Èèyàn ò ní télọ̀.