Àwo Tó Há ní Òkè-Ìléwó

Ọ̀rẹ́ mi, bó bá ti rẹ̀ ọ́, jókòó. Ó ti rẹ èmi náà díẹ̀. Ẹni tó ti rẹ̀ ni mo kọ ìtàn yìí fún, nítorí pé ó ti rẹ Ọládipọ̀ pátápátá kí Ọlọ́run tó rí i mú.

Ní nǹkan bí ọdún 1971, ta ni ò mọ Ọládipọ̀ ní Abẹ́òkúta? Orin rọ́ọ̀kì ló ń kọ. Á gbé gìtá kọ́rùn, á lọgun sínú maiki, àwọn ọmọge á sì máa ké bí ẹni tí nǹkan gùn. Ṣùgbọ́n ọtí wọ ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ jíìnì, lọ́sàn-án jíìnì. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ohùn ti lọ. Èyí tó kù ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ ìgbàlà, ẹ̀rín ló máa ń rín. "Èmi kẹ̀? Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nílùú yìí. Orúkọ wa wà lára ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ń gbàdúrà fún mi lójoojúmọ́. Kí lẹ tún ń wá?"

Àwa Ẹ̀gbá, a mọ ọ̀rọ̀ yìí sọ jù.

Lọ́dún 1982, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri láti Láfẹ́nwá dé Òkè-Ìléwó pé Ọládipọ̀ ń padà bọ̀ wá kọrin ní gbọ̀ngàn Òkè-Ìléwó, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, Màmá Harriet, nídìí ìkòkò aró. Màmá kò dé ibi eré rẹ̀ rí.

"Màámi, mo ti fi ọtí sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ṣé òótọ́ ni, Àkànní?"

"Òótọ́ ni, Màámi. Ọlọ́run gbọ́."

Irọ́ ni. Ìyá gbà á gbọ́, ó wọ àdìrẹ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì jókòó síwájú pátápátá.

Ọládipọ̀ mọ̀ pé òun ò lè kọrin mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé àwo orin rẹ̀ àtijọ́ sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí òun máa la ẹnu tẹ̀lé e bí ẹni ń kọrin. Ó da jíìnì sọ́nà ọ̀fun, ó bá jáde.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Màmá Harriet tilẹ̀ ń mi orí. Nínú orin kejì, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ há sójú kan lórí àwo. "Mo dé o, mo dé o, mo dé o..." Ohùn ń pariwo, Ọládipọ̀ sì ti pa ẹnu dé! Ó tún la ẹnu, kò bá a mu. Ó tún pa á dé.

Yéè! Gbogbo gbọ̀ngàn hó. "Ojúlówó olè!" Èèpo ọsàn ń fò. Ó gbìyànjú láti fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́, ikọ́ ló jáde. Ó kọsẹ̀ lára wáyà, ó ṣubú síwájú ìyá rẹ̀, òórùn jíìnì sì gba ìyá nímú.

Màmá ò bú u. Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó ti rẹ̀ mí, Àkànní," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Josiah ló wá a rí lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Òun ló ń lu ìlù fún un nígbà kan, kó tó gba Jésù. Rédíò ló ń tún ṣe ní Láfẹ́nwá báyìí. Ó jókòó tì í.

"Àwo yẹn ló dójú tì mí," Ọládipọ̀ ní.

"Dípọ̀, má bínú sí mi o. Bó o ṣe ń ṣe fún Ọlọ́run náà nìyẹn. Àdúrà ìyá ẹ ló ń dún, ìgbàgbọ́ bàbá bàbá ẹ ló ń dún, ìwọ kàn ń la ẹnu ni. Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ ò bá sí mọ́ ńkọ́?"

Ọládipọ̀ bú sẹ́kún. "Mi ò lóhùn mọ́, Josiah."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ohùn? Ìwọ gan-an ni Jésù kú fún. Pè é fúnra ẹ."

Ó kúnlẹ̀, èèpo ọsàn ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Jésù, èmi ni. Kì í ṣe ìyá mi. Èmi Ọládipọ̀, ọ̀mùtí, òpùrọ́. Ṣàánú mi." Kò dùn-ún gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, mo parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà fúnra mi lónìí."

Omijé bọ́ lójú ìyá. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àdúrà yẹn gbà."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Orúkọ ìrìbọmi rẹ, ìjókòó bàbá rẹ, ẹkún ìyá rẹ, ohùn ta ni gbogbo ìyẹn? Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la, má sì dúró de ìgbà tí ohùn rẹ máa dára. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lónìí: Jésù, èmi ni.