Ohun Tí Arẹmọlẹ́kún Ń Sọ

Fadérera àti bàbá rẹ̀ kò tíì jìnnà sí ẹnubodè ìlú tí iná kékeré iwájú awakọ̀ tún fi tàn. Fadérera pòṣé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ètè rẹ̀ ya, ó sì yí ọkọ̀ padà sílé.

Òun ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Abẹ́dígí, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sábẹ́ òrùlé dígí ńlá lórí Ayé Pupa, níbi tí ènìyàn kò ti lè mí níta gbangba. Obìnrin tó kọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ yìnyín di omi mímu ni, iná tí kò tó èékánná ọmọdé wá sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́.

Arẹmọlẹ́kún ni gbogbo ìlú ń pe ọkọ̀ àtijọ́ náà, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ọmọ tí ọmú kò lè pẹ̀tù sí lọ́kàn, ẹ sáà gbé e wọ Arẹmọlẹ́kún kó rin aṣálẹ̀ díẹ̀, yóò sùn fọnfọn. Àwọn ìyá a máa bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé àwọn yípo òkè kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ní ọwọ́ ìyá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ọmọ ọwọ́ ìlú ló fẹ́ bá a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Òkè-Yìnyín, ìrìn tó jìn ju èyíkéyìí tó ti rìn rí. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè gbà wọ́n. Ìṣọ̀lá, ọmọ Fadérera, wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Gáàsì tí wọ́n ń fún láti inú ìdọ̀tí ìlú ni Arẹmọlẹ́kún ń jó, ṣùgbọ́n iná kì í jó láìsí afẹ́fẹ́ ẹ̀mí, Ayé Pupa kò sì ní in. Nítorí náà àgbá afẹ́fẹ́ méjì ni ọkọ̀ náà ń gbé kiri, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún àwọn èrò. Nínú sálẹ́ńsà, níbi tí èéfín ń gbà jáde, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní agbóòórùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ ẹ̀mí tó ṣẹ́ kù nínú èéfín. Bó bá ti pọ̀ jù, á tan iná fún awakọ̀.

Fadérera ti pààrọ̀ agbóòórùn yìí títí ó fi sú u. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ọpọlọ tí wáyà ń bá sọ̀rọ̀. Nínú gáréèjì, lábẹ́ dígí, iná á kú, ọkàn á balẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jáde sí aṣálẹ̀ báyìí, ó di ká tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi, mo máa gé wáyà iná yẹn," ló sọ nígbà tí wọ́n dé gáréèjì.

Bàbá Oyèékànmí, bàbá rẹ̀, ló ti ń wa Arẹmọlẹ́kún láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mẹkáníìkì ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó gòkè wá sí Ayé Pupa. Ó mọ gbogbo nọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ náà, àmọ́ láìpẹ́ yìí ó ti ń gbàgbé orúkọ ènìyàn. Nígbà mìíràn, orúkọ ìyá Fadérera tó ti di olóògbé ló fi ń pe Fadérera. Àwọn ará ìlú á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ogbó ti dé.

"Gé wáyà kẹ̀? Ẹni tó ń kígbe olè, o fẹ́ dì í lẹ́nu?"

"Agbóòórùn ló ń purọ́, Bàbá."

"Gbogbo èyí tó o ti fi síbẹ̀, irọ́ kan náà ni wọ́n wá jọ ń pa? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọmọ mi. Nílé, sálẹ́ńsà la kọ́kọ́ ń wò. Bó bá lu, afẹ́fẹ́ ìta á gba ojú ihò wọlé, agbóòórùn á gbọ́ òórùn rẹ̀, á pariwo. Kò jẹ̀bi rárá."

Fadérera rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín náà ló bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, Bàbá mi. Afẹ́fẹ́ ẹ̀mí ò sí níta níbí. Ihò ò lè fa ohun tí kò sí."

Àgbà mìíràn ì bá bínú. Bàbá Oyèékànmí mi orí, ó gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀ náà.

"Òótọ́ lo sọ, kò sí níta. Níbo ló wá wà?"

Fadérera yíjú wo inú ọkọ̀. Lórí aṣálẹ̀ yẹn, níbo ni afẹ́fẹ́ ẹ̀mí tún wà bí kò ṣe inú ọkọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn sí?

"Abẹ́ àga ni sálẹ́ńsà gbà kọjá, kó lè máa mú àwọn èrò móoru!" ló pariwo. "Nínú gáréèjì, afẹ́fẹ́ wà nínú, ó wà níta, kò sí èyí tó ń fa èkejì. Ní aṣálẹ̀, òfìfo ìta ń fa tinú ọkọ̀ gba ihò sálẹ́ńsà jáde. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń kú níbí!"

Ó sáré mú páúdà Ìṣọ̀lá nínú báàgì, ó gbọ̀n ọ́n sí abẹ́ àwọn àga, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Bàbá so aṣọ ìnujú funfun kan mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà. Fadérera gbé ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ síbẹ̀, kó lè máa fà á bí aṣálẹ̀ ṣe ń fà á. Kò pẹ́ tí aṣọ náà fi ń ta sánsán bí ọrùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Arẹmọlẹ́kún, olóòótọ́!" Bàbá ń lu ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́. "A pààrọ̀ imú rẹ, a pààrọ̀ ọpọlọ rẹ, o ò pààrọ̀ ọ̀rọ̀!"

Orí Fadérera wú. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ògbólógbòó ọkọ̀ náà, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dì mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ìgbà tí wọ́n tú àga kúrò, tí wọ́n rí ibi tí páìpù sálẹ́ńsà ti sán, ni ara rẹ̀ tó tutù. Ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ àwọn èrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àgbá, níbi tí afẹ́fẹ́ tuntun ti ń tú jáde, nítorí náà gbogbo ìgbà ló ń sọ pé dáadáa ni. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá ló ń mú àwọn ọmọ sùn. Èémí ló ń wọ́n wọn. Gbogbo ìlú sì ń yin ọkọ̀ náà nítorí rẹ̀.

Àwọn ọmọ a tilẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí àga awakọ̀, èyí tí ìdí bàbá rẹ̀ ti jẹ kòtò sí láti ọdún gbọọrọ. Ó wá yé e pé ogbó kọ́ ló ń kó orúkọ ènìyàn lọ lórí rẹ̀, àìtó afẹ́fẹ́ ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Má sunkún, Àbẹ̀kẹ́," ni Bàbá wí. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni.

Wọ́n jó páìpù náà pọ̀, wọ́n dán an wò lórí aṣálẹ̀, iná kò tàn. Fadérera sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n gbá ọmọ wọn mọ́ra, àmọ́ abẹ́rẹ́ kò ṣeé fi falẹ̀, wọ́n wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe gba ẹnubodè kọjá ni ọmọ kan bú sẹ́kún. Òmíràn gbà á. Kó tó di pé wọ́n dé òkè àkọ́kọ́, gbogbo ọmọ inú ọkọ̀ ló ti ń ké, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú.

Fadérera ló ń wa ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé Ìṣọ̀lá sórí itan, ó ń wo ibi tí iná náà máa ń wà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ọmọ yìí lóhùn o," ló sọ. "Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ìṣọ̀lá ni, Bàbá mi. Ọmọ ọmọ yín ni."

"Ìṣọ̀lá. Orúkọ gidi."

Wọn kò tíì rí Òkè-Yìnyín lọ́ọ̀ọ́kán tó tún fi béèrè. Fadérera tún sọ ọ́ fún un, ó sọ ọ́ ketekete, bí ohun tí kò sọ rí.