Bàbá Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

"Daddy, ẹ tún ti sọ̀?"

Nusaiba tẹ bíréèkì, ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti tún sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Bàbá òyìnbó arúgbó kan tó ń fa ajá kékeré lọ́wọ́ ló pàdé wọn létí odò, Sirajudeen sì ti fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ó tẹrí ba, ó ń kí i kú àárọ̀ bí ẹni pé ààfáà àgbà ló dúró níwájú rẹ̀. Ajá náà ń gbóòórùn bàtà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ Sirajudeen dàgbà, ọmọ tó bá jókòó gẹlẹtẹ sórí kẹ̀kẹ́ kọjá lára àgbàlagbà, ìròyìn rẹ̀ á ti délé ṣáájú rẹ̀. Ńṣe ni wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá kí wọn, wàá ti kẹ̀kẹ́ rẹ kọjá, kó o tó tún gùn ún. Ó ti pẹ́ tí Sirajudeen ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ó ń wakọ̀ lórí títì márosẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ báyìí, ọmọ Ìsẹ́yìn náà ló máa ń dà.

"Daddy, please," Nusaiba ní, "nobody does that here. Wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń ṣe."

"Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n," bàbá rẹ̀ dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ṣé mọ́tò ń lé wa ni? Kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ọ̀nà yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà létí odò náà, tí kò jìnnà sí ilé wọn ní Westchase, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ dánra wò. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́ tí Nusaiba wà ń lọ sí àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Colorado, níbi tí wọ́n ti sọ ojú irin rélùwéè àtijọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yíká adágún omi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú òbí kan dání. Raheemat, ìyá rẹ̀, ló máa ń gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n Raheemat kò gun kẹ̀kẹ́ rí, ó ní kì í ṣe orí òkè ni òun ti máa bẹ̀rẹ̀. Ni Sirajudeen bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, inú rẹ̀ sì dùn débi pé alaalẹ́ ló ń fọwọ́ tẹ táyà rẹ̀ wò nínú pálọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi Nusaiba gbọ́ o, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Àmọ́ Ashley wà nínú ẹgbẹ́ náà, Ashley ará Cinco Ranch, àdúgbò àwọn olówó, tó jẹ́ pé tó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fún Nusaiba pé, "Iwájú lọ́dọ̀ wa ni kó o ti máa gùn." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Nusaiba fi ń lá ọ̀rọ̀ yẹn bíi súùtì. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí bàbá rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ lójú wọn.

Nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ fi mọ́tò tiwọn dé àfonífojì náà, Nusaiba la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ọmọ Houston, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ salalu, níbo ló ti fẹ́ rí òkè? Òkè yí wọn ká, yìnyín ṣì wà lórí àwọn kan, adágún omi náà sì dákẹ́ rọ́rọ́ nísàlẹ̀. Kò sí ìró mọ́tò rárá, àfi táyà kẹ̀kẹ́ tó ń dún ṣìn-ìn lórí ilẹ̀.

"Sùbúhánálláhì," bàbá rẹ̀ ní. "Nusaiba, ṣé ò ń rí i?"

Ẹwà ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ibẹ̀ náà kò kéré. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló kún ọ̀nà náà, tàwọn ti ọ̀pá, tọkọ tìyàwó. Sirajudeen sì ń sọ̀. Yóò sọ̀, yóò kí wọn, yóò ti kẹ̀kẹ́ kọjá, yóò tún gùn ún, àwọn mìíràn á sì bá a tàkúrọ̀sọ. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Ashley gun kẹ̀kẹ́ súnmọ́ Nusaiba. "Kí ló ń ṣe ọkùnrin yẹn? Ṣé bàbá ẹ ni?"

Nusaiba kò bojú wẹ̀yìn. "Rárá o," ó sọ ọ́ kíákíá, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ará mọ́sáláṣí wa kan ni. Mọ́mì mi ló ní kó tẹ̀lé mi wá."

Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí wọn bó ṣe rò. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Nusaiba kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́. Ashley ní kí wọ́n máa lọ, ó sì tẹ̀lé e.

Etí adágún omi ni wọ́n ti jẹun ọ̀sán. Àwọn òbí ń dé ní méjì-méjì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pé, àfi Sirajudeen. Òjò ti ń ṣú lórí òkè. Ọ̀gbẹ́ni Francis, olórí ẹgbẹ́ wọn, pe fóònù rẹ̀ títí, kò lọ. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, "Nusaiba, bàbá rẹ dà?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ashley ń wò ó, ó ní, "Bàbá ẹ?"

Ìtìjú ìbá pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ìtìjú ráyè. Ṣé kò ti ṣubú báyìí? Ó ju búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Francis tẹ̀lé e.

Tọkọtaya arúgbó kan ni wọ́n kọ́kọ́ bá. "Ẹ jọ̀ọ́," Nusaiba ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ṣé ẹ rí ọkùnrin dúdú kan, tó wọ awò ojú?"

"Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ kí èèyàn?" ìyá náà bi í. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Ilẹ̀ ni Nusaiba ń wò. "Bàbá mi ni."

Ojú ìyá náà tàn. "Bàbá rẹ? Ó béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe mí! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń gbá fìrì kọjá lára wa ni. Rọra máa lọ, wàá rí i."

Wọ́n tún bá bàbá kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Òun náà rántí rẹ̀. "Bàbá mi ni," Nusaiba tún wí, kò sì wolẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n kọjá afárá kan, ó ti ń pariwo rẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lábẹ́ igi gíga kan ló ti rí i, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu tíì. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jò. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Olivia ló bu tíì náà fún un, ọkọ ìyá náà sì ti sáré lọ sílé lọ mú ohun tí wọ́n fi ń tún táyà ṣe.

"Daddy!"

Sirajudeen dìde. "Kí ló dé? Ta ló nà ọ́?"

"I'm sorry, Daddy. Mo sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe…"

"Mo gbọ́," bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi rọra ń bọ̀. Mo ní tí n bá fà sẹ́yìn díẹ̀, wàá lè bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ṣeré dáadáa."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn fún Nusaiba. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ lórí ọ̀nà náà, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gbẹ́ni Francis rọra yíjú sí adágún omi.

"Dìde," Sirajudeen ní, ó fà á lọ́wọ́ sókè, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù. "Dìde, òkúta wà níbẹ̀. Ọmọ mi ni ẹ́. Ẹnu lo fi sọ ọ́, kò yí ohunkóhun padà."

Nígbà tí wọ́n ṣe táyà náà tán, tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù nínú òjò wínniwínni, Nusaiba lọ bá Ashley tààrà. "Bàbá mi nìyí. Mo purọ́ fún ẹ."

Ashley wo Sirajudeen, ó wo Nusaiba. "Mo ṣáà kàn béèrè ni. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ wọn ló bàjẹ́," ó ní. "Tí o bá lè sẹ́ bàbá ẹ, kí lo máa wá sọ nípa tèmi?"

Lọ́jọ́ kejì, Ashley kò pè é síwájú mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Ọ̀rẹ́ tó tìtorí ẹ̀ purọ́, irọ́ náà ló lé e lọ. Ẹ̀yìn ló ti gun kẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wá mọ̀ pé ohun tó ń tì í lójú lára bàbá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú àjèjì yẹn fi mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí. Ẹni tó bá fi òbí rẹ̀ pamọ́ kí ẹgbẹ́ lè gba tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò ní í fọkàn tán an, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní í ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá àti ọmọ tún wà létí odò ní Houston. Bàbá òyìnbó alájá náà ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Sirajudeen na ọwọ́ sí bíréèkì, ṣùgbọ́n kó tó sọ̀, Nusaiba ti sọ̀. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i kú àárọ̀.

Bàbá náà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Sirajudeen, ó ní, "Ta nìyí?"

Nusaiba kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ wọn ni mí," ó ní.