Agbawèrèmẹ́sìn Tí Kò Lẹ́sìn

Ta ló sọ pé ẹni tí kò lẹ́sìn kò lè gba wèrè mẹ́sìn? Jókòó, kí o gbọ́ ti Babáyẹmí, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místírì ní Ekpan, nílùú Warri.

Babáyẹmí kò gbà pé Ọlọ́run wà, ó sì nídìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé létí òkun Ìlàjẹ, ibà kọlu àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bàbá wọn, alàgbà ìjọ, fàáké kọ́rí pé ọmọ òun kò ní dé ọsibítù láé, pé àdúrà nìkan ni oògùn. Ọmọ náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá Ọlọ́run kẹ̀! Àmúwá agídí ni! Bí inú bá bí Babáyẹmí nítorí èyí, ta ló máa bá a wí?

Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn bá a dàgbà. Nígbà tó di baálé ilé, ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàdúrà lábẹ́ òrùlé òun. Bọ́ládé, ìyàwó rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúpẹ́ sórí oúnjẹ. Inú ilé ìwẹ̀ ni obìnrin náà ti ń bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí á ṣí omi sílẹ̀ kí ọkọ má baà gbọ́. Nínú ilé ọkọ rẹ̀ o!

Ó wá kan ìyá tó bí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá wá sọ́dọ̀ wọn. Láràárọ̀ ni Babáyẹmí ń dọ̀bálẹ̀ kí i bí ọmọ gidi. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti la ẹnu pé, "Ọmọ mi, Olúwa á..." báyìí, á fò dìde.

"Màámi, ó tó. Mo kí yín, ẹ ti dáhùn. Ẹ má kó Olúwa yín bá mi."

Ìyá á gbé ìwúre rẹ̀ mì. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ Yorùbá wo ló ń dí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ìwúre? Olè pàápàá ń ṣe àmín sí àdúrà ìyá rẹ̀!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Patience, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ tí Bọ́ládé ń yọ́ lọ, kan géètì wọn. Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lọ́wọ́ kejì. Bíbélì nìkan ni Babáyẹmí rí.

"Oga, no vex. Na Mama BP I wan check," ni Patience wí.

"Carry your Jesus comot for here!"

Babáyẹmí ti géètì mọ́ ọn gbàgà. Bọ́ládé bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní orí ti ń fọ́ ìyá láti àná. Ó dáhùn pé tó bá di Mọ́ńdè, òun fúnra òun á gbé e lọ sí ọsibítù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyá ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọsibítù, dókítà béèrè ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kẹ́yìn. Babáyẹmí wolẹ̀.

Akínsànmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, onígbàgbọ́ tòótọ́, sáré wá láti Ogunu. Bọ́ládé ro gbogbo rẹ̀ fún un. Inú bí i débi pé kò lè jókòó.

"Babáyẹmí, agbawèrèmẹ́sìn ni ọ́!"

"Èmi? Ẹ̀sìn wo ni mo ní? Bàbá mi lo lè pè bẹ́ẹ̀. Èébú lásán lò ń bú mi."

"Kì í ṣe torí pé o ò gbàgbọ́ ni mo fi pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣebí Bàdírù, tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa, náà ní kò sí Ọlọ́run? Ta ló pè é lágbawèrèmẹ́sìn rí? Gbogbo Jímọ̀ ló ń fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ìwọ! O ní ìṣègùn lo gbà gbọ́. Ìṣègùn wá kan géètì rẹ, o lé e, torí pé Bíbélì bá a wá. Bàbá rẹ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí dókítà. Ìwọ náà kò jẹ́ kí ìyá rẹ rí nọ́ọ̀sì. Kí ló wá yàtọ̀?"

Babáyẹmí gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ ọ létí. Ìgbà náà ló rántí àbúrò rẹ̀ lórí ẹní, àti bàbá tó dúró dí ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀.

"Yéè! Mo ti di bàbá mi," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Jésù kọ́ ló pa àbúrò rẹ," ni Akínsànmí wí. "Jésù tí mo mọ̀ kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Ó kú fún bàbá rẹ, ó kú fún ìwọ náà. Òun nìkan ló lè gba ìkórìíra yìí lọ́wọ́ rẹ."

Babáyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Jésù, mo jẹ̀bi. Ìkórìíra ni mo sọ di ọlọ́run mi. Gbà mí." Kò mọ àdúrà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúwa gbọ́ ọ, ó sì dárí jì í.

Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúre fún mi."

Ìyá la ẹnu. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ohùn kò jáde.

Títí dòní, kò tíì jáde. Babáyẹmí ti di ọmọ Ọlọ́run, Bọ́ládé sì ń gbàdúrà ní pálọ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, á pẹ́ nílẹ̀, á máa retí. Ìyá kàn ń wò ó ni.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá ìwọ ni alàgbà tó ń fi orúkọ Jésù pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbọ́, Jésù kò rán ọ níṣẹ́ ìpànìyàn! Bóyá ìwọ ni ọ̀mọ̀wé tí inú rẹ̀ ń ru bó bá ti gbọ́ orúkọ Olúwa. Bóyá bíi ti Bàdírù ni tìrẹ, o ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. O ṣeun, ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ọlọ́run foríjì ọmọ tó pa ẹnu ìyá rẹ̀ mọ́, yóò foríjì ọ́. Ronú pìwà dà lónìí, níbi tí o jókòó sí yẹn, nígbà tó ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀.