Ilé Taya Ọkọ̀ Denzil

Kí ọkọ̀ náà tó wọ ọgbà àwọn Caputi ni Rosalba ti ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Torana àtijọ́ kan ni, aláwọ̀ ewé, taya ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ó yọ síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó kó oúnjẹ sẹ́nu. Ọkùnrin tó wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ káàárọ̀. Caputi tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ni mò ń wá."

"Òun lò ń wò yìí."

"Mo rò pé ọkùnrin ni."

"Bàbá mi ni ọkùnrin. Ó ti lọ pẹja. Ta ló sọ fún ẹ pé taya yìí máa wọ ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Lọ pè é wá, kí n bá a wí."

"Ó ti kú."

Rosalba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tanná wo abẹ́ ọkọ̀, nígbà tó sì dìde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Bó ṣe pàdé Lachlan Teague nìyẹn, ní ìlú kékeré Port Pirie, níbi tí gbogbo ilé ti mọ ọ̀rọ̀ ilé kejì. Denzil, ẹ̀gbọ́n Lachlan, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe láti kékeré. Ó ra taya àti rẹ́ẹ̀mù tó fẹ̀ kí àrùn jẹjẹrẹ tó mú un lọ, kò sì lò wọ́n rí. Lachlan fẹ́ kí ọkọ̀ náà rìn lórí wọn.

Etí irin tó yí taya ká ni Rosalba kọ́kọ́ ṣe. Ó fi iná rọra yá ọ̀dà ara rẹ̀ kó má baà sán, ó sì tẹ etí náà wọnú. Kò tó. Taya ṣì ń họ irin bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ó ní ó di kí àwọn gé ilé taya, ìyẹn ihò irin tí taya ń gbé, kí àwọn sún un wọ inú búùtù, kí àwọn sì jó irin tuntun mọ́ ọn.

"Tí a bá ti gé e, a ti gé e nìyẹn. Ṣé ìyá ẹ mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀," ni Lachlan dáhùn.

Rosalba gé e.

Ní gbogbo Sátidé, Lachlan máa ń wá bá a di irin mú. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìgbà tí Rosalba ń wọn nǹkan, tó yẹ kó dákẹ́. Corrado, bàbá Rosalba, máa ń dín ẹja fún wọn.

"Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ò kúkú fẹ́ parí," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ó le ni, Bàbá."

"Mo rí bó ṣe le."

Rosalba rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà. Sátidé kan tí kò wá, gbogbo ojú irin tí Rosalba jó ló wọ́.

Nígbà tó yá, Glenys Teague, ìyá Lachlan, wọlé dé. Níbi tó ti ń ra búrẹ́dì ni ẹnì kan ti sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà fún un. Búùtù ṣí sílẹ̀ gbayawu, irin tí wọ́n gé wà nílẹ̀. Kò pariwo. Ó wo ihò náà títí.

"Ta ló ní kí ẹ gé ọkọ̀ Denzil?"

Rosalba wo Lachlan. Lachlan wo ilẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ sọ fún yín ni."

"O fẹ́ sọ fún mi." Ó yíjú sí Rosalba. "Ìwọ ńkọ́, o ò lè bi mí? Ohun tó kù fún mi lára ọmọ mi nìyẹn, ẹ sì fi ayùn sí i."

Nígbà tó lọ tán, Rosalba bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Máa lọ sílé."

"Rosalba, ayànfẹ́ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí. O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ìyá ẹ léṣe, mi ò sì mọ̀."

Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Corrado bá a lórí àga níbi tó ti ń sunkún.

"Fi ìdílé yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Ìyá yẹn ò ní gbà ẹ́ láéláé."

"Mo gbọ́, Bàbá. Àmọ́ èmi ni mo gé e."

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló lọ sílé Glenys. Glenys ò ní kó jókòó.

"Mísíìsì Teague, ẹ má bínú. Mo lè dá irin àtijọ́ padà sáyè ẹ̀. Ojú jíjó máa hàn nínú, kò ní hàn níta. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni Lachlan tiẹ̀ fẹ́ fi taya ràgàjì yẹn ṣe? Kò fẹ́ràn ọkọ̀ rí."

"Kì í ṣe tiẹ̀, mà. Denzil ló rà á."

Glenys fúnra rẹ̀ ló wá àga jókòó.

"Mo ní kó dá wọn padà," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Mo ní ọkọ̀ tó dáa ló fẹ́ bà jẹ́. A jà lórí ẹ̀. Ó sì sọ fún mi pé òun ti dá wọn padà. Abájọ tí Lachlan ò fi lè sọ fún mi. Ó ń bo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láṣìírí."

Ó gbé omi tíì kaná. Ìgbà tí wọ́n mu tíì tán ló tó ní, "Parí ẹ̀. Ṣe é kó dáa."

Lachlan wá sí ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì wá ṣàlàyé púpọ̀.

"Mo purọ́ fún ẹ torí mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, o ò ní gé e."

"Mi ò ní gé e lóòótọ́."

"Má bínú."

Inú ṣì ń bí Rosalba, ó sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ó na irin kan sí i.

"Dì í mú."

Nígbà tí ẹni tí ìjọba yàn ti yẹ iṣẹ́ náà wò, tó sì buwọ́ lù ú, Glenys wọ ọkọ̀ náà, ó jókòó síwájú. Lachlan ń lọ síbi ìwakọ̀.

"Lọ sẹ́yìn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó nawọ́ sí Rosalba. "Ìyàwó mi ló máa wà á."

"Màmá, mi ò tíì bi í."

"Kí lò ń dúró dè?"

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n, Lachlan ní, "Rosalba, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Rosalba wakọ̀ lọ síbi tí títì ti kọjá lórí ojú irin rélùwéè, ibi tí títì ga bí gegele, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ gbì pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n Lachlan lẹ́yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́tí sílẹ̀. Taya ò họ nǹkan kan.

"Màá fẹ́ ẹ," ó ní. "Àmọ́ tí o bá tún purọ́ fún mi, ìyá ẹ ni màá fẹjọ́ ẹ sùn."

Glenys na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.