Ọwọ́ Tó Gé Àwòrán

Gbàgà!

Ilẹ̀kùn ṣí, ó fi ẹ̀yìn lu ògiri. Ọkùnrin méjì já wọlé pẹ̀lú ìbọn. Nínú ọgbà níta, dérẹ́bà wọn jókòó sínú mọ́tò. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọlọ́pàá ti ń wá wọn káàkiri ìlú.

Adákẹ́ kò dìde. Bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò nìyẹn, torí òun nìkan ló ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tó mẹ́wàá lóòjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún àwọn àwòrán àtijọ́ ṣe: èyí tó ya, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tí èéfín sọ di dúdú.

Èyí tó ṣíwájú ni Bàlúù, ọ̀gá wọn. Ó ju aṣọ àwòrán kan tí wọ́n ká bí ẹní sórí tábìlì.

"Baba, na èyí mọ́ férémù igi. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa ní òun ò ra ẹní. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ o. Bí o bá lọgun, ìwọ náà á di àwòrán."

Ìkejì rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́, rẹ́rìn-ín títí ìbọn fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Adákẹ́ tú aṣọ náà. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ló dúró létí odò. Àwòrán náà ga tó ilẹ̀kùn. Ó yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ègé aṣọ kékeré tí wọ́n fi lẹ ibi tó ya.

Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n gé àwòrán yìí kúrò nínú férémù ní ilé àwòrán ìlú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Òun ló tọ́ Adákẹ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n yìn lù ú, ó sì kú. Láti ìgbà náà, Adákẹ́ kò tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ Ọlọ́run ju kí òun mọ ẹni tó yìn ín.

Ó wo àwọn méjèèjì. Wọn kò bojú. Ó yé e pé bí òun bá ti parí iṣẹ́, òun náà parí nìyẹn.

Ó lẹ aṣọ tuntun mọ́ etí àwòrán náà, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè tètè gbẹ. Bàlúù ń jẹ búrẹ́dì Adákẹ́, ó ń ráhùn pé kò sí bọ́tà nílé.

"Ọwọ́ ẹni tó gé èyí dúró dáadáa," ni Adákẹ́ wí níkẹyìn. "Ká ní ó gbọ̀n ni, kò ní ṣeé tún ṣe."

Bàlúù gbé àyà sókè. "Ta lo rò pé ó gé e?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi ọ̀gá òun ṣeré. Ó ní ìyá kan di ẹsẹ̀ ọ̀gá mú níbi tó ti ń gé e, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ní àbúrò kan tí kò ní ẹlòmíì láyé. Ọ̀gá kàn dojú ìbọn kọlẹ̀ ni, gbòà! Ó sì ń gé e lọ.

"Ọ̀bẹ ò tiẹ̀ yẹ̀," ni Bàlúù wí. Ó gbé búrẹ́dì mì.

Adákẹ́ ń kan ìṣó mọ́ férémù. Kó! Kó! Kó! Kò ṣì í kàn lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ gbé e sójú fèrèsé," ló wí. "Bí ihò bá kù lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fi hàn. Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ o. Bí irin bá ha á, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n kó ìbọn sórí tábìlì. Wọ́n gbé e, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dí.

Nígbà tí wọ́n máa gbójú sókè, ìbọn Bàlúù ti wà lọ́wọ́ Adákẹ́.

"Èmi ni àbúrò náà."

Tẹ́ẹ́rẹ́ jọ̀wọ́ àwòrán, ó dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàlúù fa àwòrán náà bo ara rẹ̀ látorí dẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín lẹ́yìn rẹ̀.

"Yìn ín, jẹ́ n rí i. O ò lè yìn ín, baba. Ihò lo fi gbogbo ayé ẹ dí."

Oòrùn ń ta wọlé lójú fèrèsé. Lára aṣọ aláwọ̀ ewé obìnrin náà, Adákẹ́ rí òjìji Bàlúù kedere: orí, àyà, èjìká ọwọ́ tó gé àwòrán. Ó wo àyà náà pẹ́.

Ikú á yá jù fún un. Ó fẹ́ kó wà láàyè, kó máa wo oúnjẹ ẹ̀wọ̀n, kí ọwọ́ yẹn má lè gbé e dé ẹnu.

Gbòlà!

Èjìká fọ́. Bàlúù ké bí ewúrẹ́, àwòrán wó lé e lórí.

Níta, dérẹ́bà gbọ́ ìró ìbọn, ó tẹná mọ́ mọ́tò. Fùùùn! Ìkóríta ló ti kó sáàárín ọlọ́pàá. Wọ́n bi í níbi tó ti ń bọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ àwọn méjì yòókù, ọ̀gá ọlọ́pàá gbé àwòrán náà ró mọ́ ògiri. Ó ti ìka bọ ihò ọta, ó mirí. Ó bi Adákẹ́ bóyá ó ṣì ṣeé dí.

"Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni," ni Adákẹ́ wí. "Èmi ò ní ṣe é."